Eyínfúnjowó Inú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí Adédùntán ọkọ mi ti Òkukù dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò kí mi, kò bọ́ bàtà. Ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ wa ní Ìkìrun, ó ń wo ilẹ̀. Mo ti mọ̀ pé kò dára. Ojúọlá àbúrò mi ni òun àti ìyá wa gbé lọ sílé ìwòsàn lọ́hùn-ún lánàá. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù, ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ sì kì í ṣe ohun tí obìnrin ń fi ṣeré.

"Ó ti bí," ó ní. "Ọmọ wà láàyè. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dá."

"Kí wá ni wọ́n ń wò? Ṣé wọn ò lè fún un lẹ́jẹ̀ ni?"

"Ìyá Ẹ̀bùn, fara balẹ̀."

N kò fara balẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba ẹlòmíràn, á sunkún. Èmi, bí ẹ̀rù bá bà mí, inú ló máa ń bí mi. Mo jágbe mọ́ ọkọ mi bí ẹni pé òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ Ojúọlá jáde. Díẹ̀díẹ̀ ló fi ṣàlàyé. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi kì í ṣe irú èyí tó wọ́pọ̀. O nẹ́gẹ́tíìfù ni wọ́n ń pè é, irú rẹ̀ nìkan ni ara rẹ̀ sì lè gbà. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wa wò, ti ọkọ Ojúọlá, ti Adédùntán fúnra rẹ̀, ti àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ọ̀kan tó bá a mu. Tèmi, mo ti mọ̀ látijọ́ pé kò lè bá a mu. Oògùn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dókítà ní kí a má kàn kó èrò wá, ẹni tó dá wa lójú ni kí a mú wá. Wọ́n ti béèrè ní Òṣogbo, kò sí. Ìbàdàn lè ní, ṣùgbọ́n ọdún 1994 la wà, àwọn òṣìṣẹ́ epo ti yanṣẹ́ lódì, ojú títì dá páropáro. Ta ni yóò gbé ọ dé Ìbàdàn?

"Dókítà ní ó lè fara dà á di ìrọ̀lẹ́," Adédùntán wí. "Ó ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí a ò rí nǹkan kan..."

Mo fìdí lélẹ̀ lórí àga. Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni ojú mi ti bá kọ̀ǹpútà tó wà ní igun pálọ̀, tí mo fi aṣọ bò nítorí eruku.

Ó yẹ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe dé ilé mi. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, àwọn olùwádìí kan wá láti yunifásítì sí Inísà àti Òkukù. Wọ́n ń lọ láti agboolé dé agboolé, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn, wọ́n fẹ́ mọ bí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ṣe pọ̀ tó láàárín wa. Èmi Dúródọlá, tí mo kàwé ìṣirò, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, èmi ni wọ́n gbà pé kí n máa tẹ ohun tí wọ́n bá kọ wá sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ àwọn. A ṣì ń retí wọn. Àwọn ará àdúgbò wá sọ mí di Ìyá Kọ̀ǹpútà, orúkọ tí mo kórìíra dénú egungun.

"Irú ẹ̀jẹ̀ oníkálukú wà níbẹ̀," mo wí. "Gbogbo Inísà. Gbogbo Òkukù."

"Níbo?"

"Inú ẹ̀rọ yìí, Bàbá Ẹ̀bùn."

Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo gílóòbù tó wà lókè. A ò tíì rí iná láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ti ìjọ wa wà nílé wa lóòótọ́, nítorí ọkọ mi ló ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n epo bẹntiróòlù tó kù nínú ilé kò ju ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì lọ. Epo yẹn náà sì ni alùpùpù rẹ̀ yóò mu tí a bá rí ẹni tí a fẹ́ gbé lọ.

"Tí jẹnẹrétọ̀ bá mu ún tán," ó wí, "ṣé orí la ó fi ru ẹni náà dé Òkukù ni?"

"Ẹni wo? Ṣé ẹ ti mọ ẹni náà ni?"

Ó lọ gbé jẹnẹrétọ̀ síta.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé fáìlì tí gbogbo orúkọ wọ̀nyí wà nínú rẹ̀ tóbi ju ohun tí kọ̀ǹpútà náà lè kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Àkámọ́, àmì ( àti ), la fi to gbogbo rẹ̀. Àkámọ́ kan ṣí fún ìlú, nínú rẹ̀ àkámọ́ mìíràn ṣí fún agboolé, nínú agboolé ni ojúlé wà, nínú ojúlé ni ènìyàn kọ̀ọ̀kan wà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá parí, a ó pa àkámọ́ tirẹ̀ dé. Tí ojúlé bá parí, a ó pa tirẹ̀ náà dé. Ṣùgbọ́n àkámọ́ Inísà fúnra rẹ̀, tí a ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó di ìgbà tí ìlú bá tán pátápátá kó tó pa dé. Nítorí náà, nígbà tí mo ní kí ẹ̀rọ náà ka Inísà fún mi, ńṣe ló fẹ́ gbé odidi ìlú mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kùn, ó kùn, ó sì kọ ọ́ síwájú mi pé àyè kò sí mọ́. Mo tún un ṣe. Àyè kò sí mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń dún níta, etí mi sì ń gbọ́ ọ bí ó ṣe ń mu epo tí a fẹ́ fi gba àbúrò mi là.

Mo fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Ẹ pa á!" mo kígbe sí Adédùntán. "Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn, kí n ronú!"

Ilé dákẹ́. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti wá bà mí gan-an, nítorí kò sí ohun tí mo lè bínú sí mọ́. Mo rí Ojúọlá nígbà tó ṣì kéré, tó máa ń di etí aṣọ mi mú tí a bá ń kọjá lójú títì. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí n sin ín.

Ọ̀gá kan wà tó kọ́ wa ní yunifásítì ní èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Lisp. Ọkùnrin náà máa ń sọ pé ẹ̀rọ ìlọta kì í béèrè bí agbọ̀n ata ṣe tóbi tó. Wọ́n ń da ata sí i lókè, ó ń lọ ọ́, ó ń jáde nísàlẹ̀, ìwọ̀nba tó wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó ní kí a máa kọ iṣẹ́ wa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kékeré kan ni, ohun méjì péré ni yóò máa gbà: ohun tó ti wà lọ́wọ́, àti ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn dé. Ohun kan ni yóò máa dá padà, ìyẹn ohun tí yóò wà lọ́wọ́ báyìí. Kò ní fọwọ́ ba nǹkan mìíràn, kò ní tún nǹkan kan ṣe lẹ́yìn, èyí tó bá ti kọjá ti lọ nìyẹn. Ìlú ìbáà tóbi tó ayé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Mo fi báírò kọ iṣẹ́ náà sẹ́yìn káléńdà ìjọ kí epo má baà ṣòfò. Mo ń pa á rẹ́, mo ń tún un kọ. Bí O nẹ́gẹ́tíìfù bá ṣàn dé, kó kọ orúkọ ẹni náà jáde. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ kó máa lọ. Lẹ́yìn náà Adédùntán tan jẹnẹrétọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo sì di ojú mi.

"Ó ń kọ nǹkan," ọkọ mi wí.

Mo la ojú. Orúkọ ń jáde lóòótọ́, ọ̀kan lábẹ́ èkejì: Ìbàdíàrán. Akọ̀wé. Eyínfúnjowó. Agùntáṣọọ́lò. Akọ̀wé. Adúmáadán. Eyínfúnjowó. Akọ̀wé.

"Kí nìyí?" Adédùntán wí. "Orúkọ ènìyàn dà?"

Ìgbà náà ni mo wá rántí. Nígbà tí àwọn olùwádìí ń káàkiri, àwọn ọkùnrin ti lọ sóko, àwọn ìyàwó ilé ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó ilé wo ni yóò la ẹnu pe orúkọ àbísọ ará ilé ọkọ rẹ̀? Kódà ọmọ tí kò ju ọmọ ọwọ́ lọ, bó bá ti bá a nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni. Orúkọ àpọ́nlé ni yóò sọ ọ́: ẹni tí eyín rẹ̀ funfun di Eyínfúnjowó, ẹni tó mọ̀wé di Akọ̀wé. Kò sì sí agboolé kan ní Inísà tí kò ní Akọ̀wé tirẹ̀. Láìmọ agboolé, orúkọ wọ̀nyí kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn dúró lọ́jà kó máa pe "Ìyá Ìbejì."

Orúkọ agboolé sì ti kọjá. Ó ti ṣàn lọ tipẹ́ kí ẹni tí a ń wá tó dé, n kò sì sọ fún iṣẹ́ náà pé kó dì í mú. Ohun tó bá ti ṣàn lọ kò ṣeé pè padà. Àfi kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó mì í létí.

"Tí a bá tún un ṣe, bóyá ni ohun tó kù máa gbé wa dé Òkukù," ni mo wí.

"Tí a ò bá tún un ṣe, kí la ń gbé lọ sí Òkukù?"

Ó dà á sínú jẹnẹrétọ̀. Èmi náà tún iṣẹ́ mi kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo àkámọ́ tó bá ṣí tí kò tíì pa dé, kó mú orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́: ìlú, agboolé, ojúlé. Bí ọ̀kan bá pa dé, kó jù ú sílẹ̀. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá a mu, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó láti fúnni lẹ́jẹ̀, kó dúró síbẹ̀. Ìyókù Inísà àti gbogbo Òkukù, kó má tilẹ̀ fojú kàn án, nítorí epo ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó fo àwọn méjì àkọ́kọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò tó, ó dúró.

Inísà. Ilé Aláró. Ojúlé Ìyá Tímótì. Eyínfúnjowó, ọkùnrin.

Kíá ni Adédùntán pa jẹnẹrétọ̀, ó fa ẹ̀kán epo tó kù jáde, ó rọ ọ́ sínú alùpùpù. A ò ti ilẹ̀kùn ilé.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé Inísà. Ẹni tí a kọ́kọ́ bi ló júwe Ilé Aláró fún wa. Agboolé ńlá ni, àwọn obìnrin jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, bàbá àgbàlagbà kan wà lórí bẹ́ńṣì. Bàbá Ọlọ́rundáre ni wọ́n ń pè é, òun ni olórí ilé. Mo mọ bó ṣe yẹ kí ènìyàn wọ ilé onílé: kó kúnlẹ̀, kó kí, kó sọ ibi tó ti wá, kó jẹ́ kí wọ́n fún òun lómi. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, Eyínfúnjowó la wá rí."

Gbogbo ọwọ́ tó ń bó ẹ̀gúsí dúró.

"Ta lẹ pè?" Bàbá wí.

"Eyínfúnjowó, Bàbá."

"Orúkọ yẹn, ìyàwó ilé yìí nìkan ló ń pè é. Inú ilé yìí nìkan ni wọ́n sì ti ń pè é. Ìyàwó ta ni ọ́ níbí?"

"Mi ò kì í ṣe ìyàwó ilé yìí, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ló sọ fún mi."

"Ta ni Kọ̀ǹpútà?"

"Ẹ̀rọ ni, sà. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà la fẹ́."

Bí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọdún yẹn, kò sí ìlú tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ. Wọ́n ní wọn ò rí ẹni báyìí mọ́, wọ́n ní mọ́tò dúdú kan gbé ọmọ lọ. Èmi àjèjì wá wọ inú ilé wọn, mo mọ orúkọ tí àjèjì kankan kò gbọdọ̀ mọ̀, mo sì ní ẹ̀jẹ̀ ni mo wá gbà.

Obìnrin kan ké, "Yéè! Wọ́n ti dé o!" Àwọn ọmọdé sá wọlé. Ẹnì kan yọ kọ́kọ́rọ́ alùpùpù, ẹnì kan ti géètì. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn gìrìpá ọkùnrin ti yí wa ká, òmíràn ti ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá, òmíràn ti òdìkejì ọ̀nà wá, ohùn wọn sì ń ga sí i. Adédùntán wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà náà ni mo rí táyà. Ọkùnrin kan ń yí i bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò kánjú. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe.

Ìbẹ̀rù tó mú mi kò jẹ́ kí n rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Inú sì bí mi, bó ṣe máa ń rí. "Ṣé gbọ́mọgbọ́mọ máa ń wá lọ́sàn-án gangan?" mo pariwo. "Ṣé ó tún máa ń kí yín kú iṣẹ́ ni?" Ìgbátí ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Iná ta lójú mi.

Nígbà tí ojú mi padà sípò, mo rí i. Ìyàwó àgbà kan jókòó sídìí òpó, ó tẹ orí mọ́ àwo ẹ̀gúsí rẹ̀, òun nìkan ni kò dìde. Wọ́n ti pè é ní Ìyá Tímótì níṣojú mi, nígbà tí ẹnì kan ní kó wọlé. Òun ni. Òun ló sọ orúkọ náà fún àwọn olùwádìí. Mo la ẹnu láti nàka sí i. Ó gbé ojú sókè, ó sì mi orí sí mi díẹ̀, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Ẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tèmi. Bí mo bá pè é, ẹni tó ta ọmọ ilé fún gbọ́mọgbọ́mọ ni wọn yóò pè é, ibi tí táyà náà yóò sì yí sí, n kò mọ̀.

N kò pè é. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi.

"Ojúọlá ni orúkọ àbúrò mi," mo wí, omijé sì gbà mí lójú. "Ó bímọ lánàá ní Òkukù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dá. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí mo ń wá ló bá tirẹ̀ mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kúnlẹ̀ ìbímọ rí nínú ilé yìí, èwo ni kí n ṣe? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa mí, ẹ pa mí. Ẹ kọ́kọ́ bá mi gbé ọmọkùnrin yìí débẹ̀."

Ọkùnrin tó mú táyà wo Bàbá, Bàbá wo ilẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀."

Ìyá Tímótì ti dìde. Èèpo ẹ̀gúsí ń já bọ́ lára ìró rẹ̀.

"Èmi ni mo sọ ọ́. Àwọn tó wá gbẹ̀jẹ̀ níjọ́sí, tí wọ́n fún wa ní bísíkíìtì, wọ́n ní kí n ka orúkọ àwọn tó wà lójúlé mi. Báwo lẹnu mi á ṣe wá pe orúkọ ọkọ mi? Èyí tí mo ń pè é náà ni mo sọ. Wọ́n sì kọ ọ́."

"Láti ìgbà tí a ti ń pariwo níbí," Bàbá Ọlọ́rundáre wí, "o jókòó, o ń wò wá?"

"Ẹ̀rù bà mí, Bàbá."

Ilẹ̀kùn kan ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan jáde, èérún igi wà nínú irun rẹ̀. Káfíńtà ni, Ayọ̀dèjì ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà tí mo ti pe Eyínfúnjowó. Ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi bóyá ọ̀bẹ wà níbẹ̀.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa fà?" ó béèrè.

"Rárá o. Kò tó ìgò bíà kan."

"Ṣé ó ṣì ń mí?"

"Mi ò mọ̀," mo wí. Òtítọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sì dun mí jù nínú gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà.

Ayọ̀dèjì yíjú sí Bàbá. Bàbá bi mí bóyá orúkọ gbogbo wọn ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Mo ní gbogbo wọn ni.

"Kó lọ," ó wí. "Ṣùgbọ́n o máa búra. Tó bá ti fún yín tán, ilé yìí máa kúrò nínú ẹ̀rọ yẹn. Àtọmọdé àtàgbà. Èmi ò fẹ́ kí àjèjì kankan tún wá síbí wá pe ọmọ mi ní orúkọ tí ìyàwó ilé ń pè é."

Nínú ìjọ wa, a kì í búra. Mo fi ẹ̀mí Ẹ̀bùn ọmọ mi búra.

Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún wa, àwa mẹ́ta sì gun alùpùpù náà. Kò tíì pẹ́ tí a rí òrùlé àkọ́kọ́ ní Òkukù tí alùpùpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kú. A gbé e jù sẹ́bàá ọ̀nà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo ń sáré, mo ń sunkún, bàtà mi já, mo bọ́ ọ sọnù. Káfíńtà náà ló kọ́kọ́ wọ ilé ìwòsàn.

Dókítà fi oògùn tó kù yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. A dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá wa di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Bí kò bá bá a mu ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ níjọ́ tí mo ń tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ẹ̀rù yẹn burú ju ti táyà lọ, nítorí èyí, èmi nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Ó bá a mu," ó wí, ó sì tún sá wọlé.

Ètè Ojúọlá funfun bí ẹ̀kọ nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Mo jókòó tì í, mo ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń gbéra tó ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá ṣẹ́jú, kò ní gbéra mọ́. Àwọn mùsùlùmí ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́ nígbà tó la ojú.

"Ọmọ mi dà?" ó wí.

Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Nígbà tí wọ́n dá iná padà sí Ìkìrun, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo san ẹ̀jẹ́ mi. Mo jẹ́ kí fáìlì náà ṣàn láti inú ògbólógbòó sínú tuntun, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì. Gbogbo agboolé ń kọjá. Nígbà tí àkámọ́ Ilé Aláró ṣí, kò sí ohun tó kọjá mọ́ títí àkámọ́ náà fi pa dé, lẹ́yìn náà ìlú tún ń ṣàn lọ. Mo pa ògbólógbòó rẹ́. N kò lè sùn dáadáa lẹ́yìn náà. Mo mọ ohun tí mo dà nù.

Ọyẹ́ ti dé, epo ti padà sójú títì, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan láti Òkukù wọlé wá bá mi ní kíláàsì. Kò jókòó. Ó ní obìnrin kan tún wà lórí bẹ́ẹ̀dì, irú ẹ̀jẹ̀ kan náà, ó ní dókítà ní kí Ìyá Kọ̀ǹpútà bá àwọn wò ó. Iná tún ti lọ. Ìjọ ti gbé jẹnẹrétọ̀ wọn. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi, orúkọ tí mo ti búra lé.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Inísà. Nígbà tí mo dé iwájú Ilé Aláró, ẹsẹ̀ mi kọ̀, n kò lè wọ géètì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbá ń gbóná bí ẹni pé àná ni. Ẹ̀mí Ẹ̀bùn wà lọ́rùn mi. Mo dúró síta níbẹ̀, n kò pe ẹnikẹ́ni.

Ayọ̀dèjì wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ń fá pákó. Ó gbé ojú sókè, ó rí mi. Lẹ́yìn náà ó gbé ìfági rẹ̀ sílẹ̀, ó gbọn èérún igi kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀, ó sì jáde wá bá mi lójú ọ̀nà.

"Ta ni lọ́tẹ̀ yìí?" ó wí.